Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà Ti Pààrọ̀ Àwọn Àbúrò Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá rẹ ò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́? Bó o ṣe ń jáde láàárọ̀, ire ni kó o máa bá pàdé, bó o ṣe ń wọlé nírọ̀lẹ́, ayọ̀ ni kó o máa bá nílé. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

Má jẹ́ kí ìkọ̀wé yìí yà ọ́ lẹ́nu, ọwọ́ èmi bàbá rẹ ni. Mo mọ̀ pé Pẹ̀lẹ́ àbúrò rẹ ló máa ń bá wa kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òun àti Rédíò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tẹ̀lé ọ ni mo fẹ́ sọ, ni mo fi sá pamọ́ sẹ́yìn pákó nínú ṣọ́ọ̀bù, tí mo ń fi pẹ́ńsù tí mo fi ń sàmì sí igi kọ ọ́. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí obìnrin kan wà nínú fóònù mi tó máa ń dá sí ọ̀rọ̀, mi ò sì mọ ìdílé tó ti wá.

Èsì ìdánwò àṣewọ yunifásítì ti dé o. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é. Rédíò, tí kì í panu mọ́ àfi tó bá ń sùn, tó tún ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, òun ni wọ́n fún ní mọ́kànlélógójì nínú èdè, tí wọ́n wá fún un ní mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún nínú ìṣirò. Pẹ̀lẹ́, tó lè jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ kó má sọ ju “ẹ kú iṣẹ́” lọ, tí mo mọ̀ dájú pé òǹkà ló ń kà sínú, òun ni wọ́n fún ní méjìdínláàádọ́rùn-ún nínú èdè, àti mọ́kàndínlógójì nínú ìṣirò. Mo gbé èsì méjèèjì síra wọn lórí bẹ́ǹṣì, mo wò ó síwá, mo wò ó sẹ́yìn. Kò sí ohun mìíràn, ẹ̀rọ ti gbé ti ẹnì kan fún ẹnì kejì.

Mo sì mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ tẹ̀ka fún ìdánwò náà, àwọn méjèèjì ló bá mi fi gọ́ọ̀mù lẹ àga. O mọ gọ́ọ̀mù mi, kì í ṣe ẹgbẹ́ gọ́ọ̀mù lásán. Ìka méjì tó ti kan gọ́ọ̀mù kan náà, báwo ni ẹ̀rọ ṣe fẹ́ mọ ẹni tó ni wọ́n? Mo wọ ẹ̀wù àtàtà mi, ó di ọ̀dọ̀ ọ̀gbẹ́ni tó ni ilé kọ̀ǹpútà. Mo ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù. Ó ní ẹ̀rọ kì í pààrọ̀ èsì. Mo ní gọ́ọ̀mù ni. Ó ní kí n jọ̀ọ́, àwọn èèyàn ń dúró lẹ́yìn mi. Mo sọ fún un pé oníṣẹ́ ọwọ́ lèmi náà, mo ti gbé ilẹ̀kùn oníbàárà kan fún òmíràn rí, mo sì jẹ́wọ́. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Níbẹ̀ náà ni mo ti ní kó bá wa kọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ lọ kọ́. Mo bá ẹ̀rọ tún ohun tó bàjẹ́ ṣe: mo ní kó kọ ẹnjiníà fún Pẹ̀lẹ́, kó kọ lọ́yà fún Rédíò. Ọ̀gbẹ́ni náà bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Mo ní èmi ni mo bí wọn.

Nígbà tí mo ròyìn nílé, Rédíò bú sẹ́kún, ó ní afárá lòun fẹ́ máa kọ́ látọjọ́ yìí, ó wá dákẹ́ fún odindi ọjọ́ méjì, ilé wá dà bí ilé tí wọ́n kó jáde níbẹ̀. Pẹ̀lẹ́ ní “ẹ kú iṣẹ́,” ó sì lọ pọn omi.

Ìyá rẹ ní kí n yéé fọ́nnu, kí n dán wọn wò. Mo ní kí Pẹ̀lẹ́ wọn igi fèrèsé kan, kó gé e. Rédíò ń gbálẹ̀ lọ ní tiẹ̀, ó ṣíjú wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní yóò fi ìka méjì kúrú. Mo ní kó máa gbálẹ̀ rẹ̀. Ìka méjì gééré ló fi kúrú, ọmọ mi. Igi dáadáa di igi ìdáná. Síbẹ̀ mi ò gbà, mo ní igi náà ló súnkì.

Àfi lánàá tí mò ń wá bébà, tí mo ṣí ìwé Pẹ̀lẹ́ kan. Ibẹ̀ ló ti máa ń kọ lẹ́tà wa ná kó tó dà á kọ. Mo rí lẹ́tà ìgbà òjò, èyí tó o ní ó mú ọ jáde kúrò ní ọ́fíìsì lọ nu ojú. Ohun tí mo ní kó kọ nígbà yẹn ò ju pé ara wa le, òrùlé ń jò, kó o tètè wálé. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé: “Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń ta epo sí ìdí ilẹ̀kùn yàrá rẹ, kó má baà jẹ́ pé ariwo ló máa kọ́kọ́ kí ọ lọ́jọ́ tó o bá dé.”

Ọmọ mi, òótọ́ ni. Mò ń ta epo sí i. Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ìyá rẹ. Mo jókòó lórí àpótí, omi bọ́ lójú mi. Ọmọ tí mo ní òǹkà ló ń kà, èmi ló ń wò.

Mo pè é, mo bi í pé kí ló dé tí kì í sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí. Ó wolẹ̀ títí, ó wá ní, “Bàbá, tí ẹ̀gbọ́n mi bá dánu dúró, ẹ̀yin lẹ máa ń gbà á.” 

Dákun, ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí ni fọ́ọ̀mù náà máa tì pa. Bá mi wọ kọ̀ǹpútà yín níbẹ̀, kó o yí i padà: ẹnjiníà fún Rédíò, ẹ̀kọ́ èdè fún Pẹ̀lẹ́. Fọ ọwọ́ rẹ dáadáa kó o tó fọwọ́ kàn án o. Bá wa san owó tí wọ́n bá gbà, kó o sì fi díẹ̀ rán awakọ̀ pákó tó mú lẹ́tà yìí wá, torí ayùn mi ò mú mọ́, òrùlé náà ṣì ń jò. Má fi í sí báǹkì. Owó tuntun lo ní o fi síbẹ̀ níjọ́sí, owó tó ti gbó ni wọ́n kó fún mi.

Ọlọ́run á gbé ọ ga. Gbogbo ohun tó o bá dáwọ́ lé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á balẹ̀, kò ní mì. Wàá bí ọmọ, wàá sì tètè mọ ọmọ tó o bí. Àdúrà tó kù ṣì pọ̀ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n Pẹ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó dúró síwájú mi, ó jọ pé ó fẹ́ sọ nǹkan. Jẹ́ kí n dákẹ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ