Ẹ̀gbà Ìyá Àgbà àti Ṣíbí Àwọn Ará Amẹ́ríkà

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ọyẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mo kí Bàbá àti gbogbo agbolé. Yìnyín ti bo ọ̀nà níbí. Ọjọ́ Àìkú lè lọ tán kí n má gbọ́ ẹni tó pe orúkọ mi.

Lẹ́tà tí àbúrò mi Láṣisi bá yín kọ ti dé. Ẹ ní ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin, Ṣàdíátù, kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ sì fẹ́ gbé ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà tí Ìyá Àgbà fi sílẹ̀ lọ bá alágbẹ̀dẹ ní Ṣakí kó yọ́ ọ, kó fi rọ tuntun fún un. Ẹ ní èmi àkọ́bí ni ẹ ń dúró dè kí n fọwọ́ sí i. Ká ní tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá ti dáhùn lójú ẹsẹ̀. Báyìí, ó rú mi lójú.

Yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ ìtàn tí mo wá kà, mo ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé ní ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń ta ṣíbí fàdákà àtijọ́, èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ ibí rọ nígbà tí orílẹ̀-èdè wọn ṣì kéré. Alágbẹ̀dẹ a máa lu orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ṣíbí, a sì fín lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìyàwó tuntun sí iwájú. Lọ́jọ́ kan mo rí ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ lápá òsì. Mo ní ká gbé e fún alágbẹ̀dẹ kó yọ́ ọ, kó tún un rọ. Bàbá náà fọwọ́ sí àyà! Ó ní bí òun bá fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi, kó tó di ìrọ̀lẹ́ mo ti da gbogbo rẹ̀ sínú iná. Ó wá ṣàlàyé pé ọwọ́ ọ̀tún ni obìnrin tó ni ín fi ń ha ìsàlẹ̀ àwo títí ẹ̀gbẹ́ kan fi jẹ. Ó ní ibi tó jẹ yẹn nìkan ló ṣẹ́kù nínú obìnrin náà láyé.

Mo bi í pé níbo ni àwọn alágbẹ̀dẹ náà ti ń rí fàdákà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní owó fàdákà àti ṣíbí tó ti gbó ni àwọn ènìyàn ń kó wá kí wọ́n yọ́. Ìyá mi, ohun tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn! Àwọn àtọmọdọ́mọ obìnrin tó ni ṣíbí ọ̀hún ló sì tà á fún bàbá náà, pẹ̀lú lẹ́tà orúkọ ìyá ńlá wọn lára rẹ̀. Ẹni tó yọ́ ọ fún ọmọ rẹ̀ àti ẹni tó tà á láìyọ́ ọ, ta ló tọ́jú ìyá rẹ̀ jù? Mi ò mọ̀.

Mo rántí pé ẹ̀gbà Ìyá Àgbà ti fẹ́lẹ́ níbi tó ti máa ń ha ọlọ bí wọ́n bá ń lọ ata. Mo kọ ọ́ pé kí ẹ yọ́ ọ, mo ya á. Mo kọ ọ́ pé kí ẹ má yọ́ ọ, mo tún ya á.

Ẹ pe Ṣàdíátù jókòó. Ẹ fi ẹ̀gbà náà sí i lọ́wọ́, kí ẹ sọ irú ẹni tí Ìyá Àgbà jẹ́ fún un, torí kò bá wọn láyé. Ohunkóhun tó bá ní kí wọ́n ṣe sí i, mo fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ yíyọ́ ni, ẹ má kọ̀wé sí mi títí yóò fi wọ tuntun náà sọ́wọ́, kí n má baà tún yí ohùn padà.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó jẹ́ ká tún fojú kan ara wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, kí ẹ sì kí alágbẹ̀dẹ náà.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràímì