Màámi, Nípa Sísanra Tí Ẹ Rí Nínú Fọ́tò Mi

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àdúrà tí ẹ ń gbà lé wa lórí. Èmi Sìdí yín ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìkòròdú níhìn-ín, bí ẹ ò tilẹ̀ rí orúnkún mi. Mo kí Bàbá. Mo kí Ìyá Àgbà, ṣé ojú wọn ti ń ríran díẹ̀ sí i? Mo kí Múfú àbúrò mi, nítorí mo mọ̀ pé òun ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Múfú, rọra kà á o. Má fo ibì kankan, má sì fi tìrẹ kún un.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń gbọ́ ohùn mi, nígbà tó jẹ́ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni kò ṣeé sọ lórí fóònù. Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ ó ti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí mi, ẹnu mi á sì kú. Àti pé kì í ṣe tàwa nìkan. Àwọn ìyá pọ̀ níbí, wọ́n pọ̀ ní Ìwó lọ́hùn-ún, tó yẹ kí wọ́n bá wa gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo fi fọ́tò ọdún Iléyá ránṣẹ́, Múfú ní ẹ gba fóònù lọ́wọ́ òun, ẹ sì ń gbé e wọlé gbé e jáde káàkiri àdúgbò. Ó ní ẹ ń sọ pé kí wọ́n wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ yín, pé Èkó ti gbà á, pé owó ti ń wọlé. Mi ò bá yín wí, Màámi. Mo mọ ibi tí ayọ̀ yẹn ti wá. Ẹ ti rí ìgbà tí a fi gààrí tútù sùn, tí ẹ ní ẹ ti jẹun níbi iṣẹ́, tí èmi sì mọ̀ pé ẹ ò jẹ nǹkan kan. Lójú ẹni tó ti rí ebi bẹ́ẹ̀, ọmọ tó sanra ni ọmọ tó yè. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí oúnjẹ bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Ṣùgbọ́n sísanra yẹn kì í ṣe ìgbádùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn olùwádìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ti rẹ́rìn-ín rí, ẹ ní irú iṣẹ́ wo ni kí èèyàn máa bi ẹni ẹlẹ́ni ní ohun tó jẹ. Iṣẹ́ náà nìyẹn lóòótọ́. Àwọn dókítà fẹ́ mọ ìdí tí àwọn kan fi ń sanra tí àwọn kan sì ń rù, àti ohun tí èyí ń ṣe fún ẹ̀jẹ̀ wọn, ọkàn wọn àti ẹsẹ̀ wọn. Èmi ni mo ń wọ ilé kiri. Mo máa ń gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sínú báàgì, mo máa ń mú téèpù tí a fi ń wọn ìbàdí dání. Màá béèrè pé kí lẹ jẹ láàárọ̀, ta ló sè é, ta lẹ bá jẹ ẹ́, kí ló wà lọ́kàn yín nígbà tí ẹ ń jẹ ẹ́. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ló tún kù lọ́kàn ẹni tó ń jẹun ju ẹran lọ?

Yàrá kan ni mo gbà sí Ìkòròdú. Àwọn tí a jọ ń gbé dáa, ìyá kan wà láti Ògbómọ̀ṣọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Lásìkò òjò, omi á bo ọ̀nà wa, màá bọ́ bàtà sọ́wọ́ kí n tó délé. Màá ra búrẹ́dì ńlá kan àti míníràlì tútù lójú ọ̀nà, màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, màá máa wo fóònù, ọwọ́ mi á máa lọ á máa bọ̀. Ìgbà tí ọwọ́ mi bá kan ọ̀rá ni mo máa ń mọ̀ pé búrẹ́dì ti tán. Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, èmi nìkan ni mo ń ṣínu, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ìṣínu mi tó èèyàn mẹ́ta jẹ. Ẹ máa ń bi mí bóyá owó tí mo ń fi ránṣẹ́ kò ni mí lára. Kò ni mí lára rárá. Oúnjẹ kò wọ́n mi, ẹni tí a ó jọ jẹ ẹ́ ló wọ́n mi. Àárò ilé ló ń pa mí, mo sì ń fi búrẹ́dì lé e.

Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ohun tó ń ṣe mí nìyẹn. Obìnrin kan lápá Ẹ̀pẹ́ ló là mí lójú. Ó ní kí n sọ ìtàn òun bó ṣe wù mí, kí n ṣáà má dárúkọ òun, nítorí náà Ìyá Ẹlẹ́ja ni màá máa pè é.

Ará Ìlàjẹ ni, opó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé níbòmíì ni, abúlé kan létí ọ̀sà ló ń gbé, ibi tí a ń wọ ọkọ̀ ojú omi dé láti Ẹ̀pẹ́. Ẹja ló ń yan, Ọjà Olúwo ló ń gbé e lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, obìnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ báyìí ni, ẹ̀rín rẹ̀ á ti ẹ̀yìn ààrò dé etí omi. Nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n kalẹ̀, ó bi mí pé ṣé mo fẹ́ ra òun ni. Ó bu púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiwọn, àti ọbẹ̀ èpìyà fún mi, ó ní ọmọ tó ń béèrè oúnjẹ kiri gbọ́dọ̀ jẹ nínú ẹ̀.

Ìgbà tí mo padà lọ, ọyẹ́ ti ń fẹ́, kùrukùru bo ojú ọ̀sà tó bẹ́ẹ̀ tí a kò rí abúlé náà títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Mo rí obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà, mo kí i, mo sì béèrè Ìyá Ẹlẹ́ja lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí, ó ní òun náà nìyẹn. Ọrùn rẹ̀ ti gùn, ìró rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun kì í lọ sọ́jà mọ́, aládùúgbò ló ń bá òun tà á. Ó ní àwọn kan lọ́jà ń sọ pé àìsàn tí kì í gbóògùn ló ń ṣe òun, àwọn míì ní ọkọ òun tó kú ló ń pe òun. Bí òun bá jókòó ti oúnjẹ, ṣe ni wọ́n ń ka òkèlè mọ́ òun lẹ́nu, ni òun bá kúkú ń ti ilẹ̀kùn jẹun, nígbà míì òun á jẹ díẹ̀, nígbà míì òun ò ní jẹ rárá. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń mu omi. Ó mu ife kan, ó tún bu òmíràn, ó dìde lọ tọ̀, ó padà, ó tún bu omi.

Wọ́n ti sọ fún wa pé iṣẹ́ wa ni ká béèrè, pé a kì í ṣe oníṣègùn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní bí a bá rí ohun tó bani lẹ́rù, ká ké sí nọ́ọ̀sì wa. Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kejì a jọ wọ ọkọ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì so rọ́bà tí a fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ Ìyá Ẹlẹ́ja lápá, ó gún un lọ́mọ ìka, ó wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì sọ fún un jẹ́jẹ́ pé ó jọ ìtọ̀ ṣúgà, pé ó ní láti dé ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àwọn tí òun mọ̀ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rin wọ ọsibítù, ṣe ni wọ́n gbé wọn jáde. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́ títí. Èmi náà bẹ̀ ẹ́, mo ní kó ro ti àwọn ọmọ rẹ̀.

Ó wá kọjú sí mi. Ó ní ìwọ tó ń bi gbogbo ayé ní ohun tí wọ́n jẹ, ta ló ń bi ìwọ? Ó ní bí mo bá gorí ìwọ̀n yẹn, kí wọ́n so rọ́bà yẹn mọ́ èmi náà lápá, kí wọ́n bi mí ní gbogbo ohun tí mò ń bi òun, òun á lọ.

Mo fi ẹ̀rín gorí ìwọ̀n. Nọ́ọ̀sì náà ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rín rẹ̀ dá. Ó ní kí n sinmi díẹ̀, ó tún un wò. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ga ju ti ọmọdé bíi tèmi lọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Kí ni mo jẹ lánàá, mo ní búrẹ́dì. Ta ló sè é, mo ní wọ́n rà á ni. Ta ni mo bá jẹ ẹ́? Màámi, mo ya ẹnu. Ẹkún ló jáde. Èmi tí mo ti béèrè ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọ̀nà àìmọye ilé, èmi nìkan ni mo ń dá jẹun.

Ìyá Ẹlẹ́ja fà mí mọ́ra, òórùn èéfín ẹja gba imú mi. Ó ní ó ti tó, kí n nu ojú mi, pé a jọ ń lọ ni. Òun ló kọ́kọ́ wọ ọkọ̀.

Ìtọ̀ ṣúgà ni lóòótọ́. Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù títí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Dókítà ṣàlàyé fún un pé àìsàn yẹn ló ń jẹ ara rẹ̀, kì í ṣe òkú kankan. Wọn ò ní kó má jẹ púpurú mọ́. Wọ́n ní kó dín in kù, kó fi ẹja àti ẹ̀fọ́ kún un, kó má sì fo oúnjẹ. Èmi ní tèmi, wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n ní kí n fi míníràlì sílẹ̀, kí n dín iyọ̀ kù, kí n máa fẹsẹ̀ rìn.

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Lọ́jọ́ kan Ìyá Ẹlẹ́ja lo oògùn láìjẹun, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Aládùúgbò tó ń bá a ta ẹja ló gbé e dìde. Láti ọjọ́ náà ni obìnrin yẹn ti ń gbé àwo tirẹ̀ wá, tí wọ́n jọ ń jẹun níta gbangba, níbi tí gbogbo ayé ti lè ka òkèlè bó bá wù wọ́n. Bí iṣẹ́ bá gbé mi dé Ẹ̀pẹ́, èmi ni ẹnì kẹta wọn. Bí mo bá wà ní Ìkòròdú, Ìyá Ẹlẹ́ja á pè mí lórí fóònù, á ní kí n sọ ohun tó wà níwájú mi, kí n má purọ́. Nígbà tó yá, mo bu ẹ̀wà sínú àwo, mo lọ kan ilẹ̀kùn ìyá ará Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní òun ti rò pé agbéraga ni mí ni, pé òun náà kì í gbádùn oúnjẹ láti ìgbà tí àwọn ọmọ òun ti lọ. A jọ ń jẹun báyìí, ó sì ń bá mi jà lórí iyọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti ń wálẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi náà ti ń wálẹ̀, Màámi, kí ẹ má ké bí ẹ bá rí mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Ẹlẹ́ja padà sí Ọjà Olúwo, mo sì tẹ̀lé e. Obìnrin kan tó ti ń yẹra fún un tẹ́lẹ̀ sún mọ́ ọn, ó rọra béèrè pé oògùn wo ló lò. Mo rò pé yóò fọgbọ́n yẹ̀ ẹ́. Ó gbé ohùn sókè láàárín ọjà, ó ní ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe òun, ọsibítù lòun lọ, oògùn lòun ń lò. Nígbà náà ni ìyá àgbàlagbà kan dìde lẹ́yìn agbọ̀n ẹja rẹ̀, ó ní òun náà ń mu omi, òùngbẹ kò sì lọ, kí wọ́n jọ̀ọ́ mú òun débẹ̀.

Ẹ̀yin ni mo rí níbi tí ìyá yẹn dúró sí.

Màámi, lọ́jọ́ Jímọ̀ tí a sọ̀rọ̀, ẹ ní ẹ̀ ń gbé kẹ́tùlù omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní nítorí òùngbẹ òru, pé ẹsẹ̀ yín ń ta yín bí ẹni pé ìkamùdù wà níbẹ̀. Ẹ ní télọ̀ ti bá yín fún bùbá yín wọlé, ẹ sì pè é ní ọ̀rọ̀ àgbà. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ ní gbangba. Ìtìjú ló fẹ́ pa ẹni tí mo sọ ìtàn rẹ̀ yìí, mi ò sì ní jẹ́ kó rí yín gbé ṣe.

Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́. Mò ń bọ̀ ní Sátidé, a ó dé ọsibítù láàárọ̀ Mọ́ńdè. Wọ́n sábà máa ń fẹ́ kéèyàn wá láìjẹun, nítorí náà ẹ má fi nǹkan kan kan ẹnu láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èmi náà ò ní jẹ. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ fún wa níbẹ̀, bí a bá ti jáde, a ó wá ibì kan jókòó sí, a ó sì jọ jẹun.

Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí ẹ jẹ oúnjẹ ọmọ pẹ́. Kí ẹnu yín má kọ oúnjẹ, kí oúnjẹ má kọ ara yín. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, ẹ kí gbogbo agbo ilé lọ́mọdé lágbà. Múfú, o ṣé tí o kà á dé ìparí. Di ọwọ́ Màámi mú fún mi.

Èmi ni ọmọ yín tó ń bọ̀ nílé,
Sìdíkátù, láti Ìkòròdú.