Orúkọ Tí Mo Sọ Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé Wa

Àtìní, 5 oṣù kẹwàá 2009

Wọn ò wá. Ìgbà kẹta nìyí tí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù á ní kí n dúró sílé, tí n ó dúró bí ẹni tí wọ́n dè mọ́gi, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní yọjú. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní àdúgbò Treichville wà ní títì láti àárọ̀. Mo pè wọ́n. Obìnrin kan ní "ne quittez pas", pé kí n má gbé e sílẹ̀, ó fi orin sí mi létí títí káàdì mi fi tán.

Kì í sì í ṣe tara mi ni mo ń bá kiri. Kí lèmi fẹ́ fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe? Ọmọ mi ni. Kadidja kó báàgì méjì dé láti ilé ọkọ ní Riviera lóṣù tó kọjá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Karim, ọkọ rẹ̀, ló gbá a. Iṣẹ́ rẹ̀ — ó ń túmọ̀ ìwé fún àwọn ọ́fíìsì — orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Íntánẹ́ẹ̀tì wà nílé Karim, kò sí nílé mi ní Marcory. Karim mọ̀. Ó ń pè é: wá máa ṣiṣẹ́ níbí, mi ò ní yọ ẹ́ lẹ́nu. Mo ti búra pé ọmọ yìí ò ní tìtorí wáyà padà síbẹ̀.

Yorùbá tí mo kọ́ ní girama l'Ẹ̀jìgbò ni mo fi ń kọ ìwé yìí. Kadidja ò lè kà á. Faransé nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Àlàmíìsì, 8 oṣù kẹwàá

Wọ́n rán ẹnì kan wá. Joachim ló ń jẹ́, onírùngbọ̀n, ó ń rùn fún sìgá. Ó wo wáyà ara ògiri, ó pòṣé. "Tantie, wáyà yìí ju èmi lọ lọ́jọ́ orí." Mo ní ó dáa, kó bọ̀wọ̀ fún un nígbà náà. Ó fi ike kékeré kan sẹ́nu wáyà tẹlifóònù, ó ní láìsí i, ariwo lásán la ó máa gbọ́. Ó gbé módẹ́mù kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifísọ̀n. Iná mẹ́rin. Ẹ̀kẹta ń ṣẹ́jú, kò dúró. Wákàtí méjì gbáko. Ó ní "ça va venir", pé iná náà máa wá tó bá yá, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Kò wá.

Jímọ̀h, 9 oṣù kẹwàá

Olójú-Mẹ́rin — bẹ́ẹ̀ ni mo ń pe módẹ́mù náà — tàn láàárọ̀, ó kú lọ́sàn-án. Mo pe Joachim, mo sọ fún un pé olè ni òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó dé. Ó bá lésì funfun tí mo fi bò ó, irú èyí tí mo fi bo tẹlifísọ̀n. Ìka méjì ló fi gbé e sókè, bí ẹni gbé òkú eku. "Tantie, ooru ló fẹ́ẹ́ pa á. Ẹ bọ́ aṣọ lára rẹ̀."

Kadidja rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti dé. Mo bínú sí Joachim, síbẹ̀ mo fún un ní omi tútù.

Àlàádì, 11 oṣù kẹwàá

Ojú-Fèrèsé ti bẹ̀rẹ̀. Sàlímátù ni, ará Ẹ̀jìgbò bíi tèmi, ilẹ̀kùn wa kọjú síra nínú àgbàlá. Ìbáà máa fọṣọ, ìbáà máa gúnyán, fèrèsé mi lojú rẹ̀ wà. Lónìí nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń bá obìnrin kan sọ̀rọ̀, ó sì gbóhùn sókè kí n lè gbọ́: "Àwọn ìyá kan ń fa wáyà wọlé kí ọmọ má bàa rántí ilé ọkọ. Ẹ ò rí i pé ayé ti lajú."

Ìwọ, Sàlímátù. Ìwọ tó kó ẹrù kúrò nílé ọkọ ní Bouaké lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí o ò bojú wẹ̀yìn. Èmi ni mo bá ọ gbé àpótí wọlé ìyá rẹ lọ́jọ́ náà. Mo se ọbẹ̀ fún ọ. Mo sọ fún gbogbo àgbàlá pé kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀.

Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mi, mo wọlé. Omi náà dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Àtàláátà, 13 oṣù kẹwàá

Kadidja fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ hàn mí. Orúkọ ló tò lọ gbọọrọ, ti gbogbo ilé tó ní wifi nítòsí. Tiwa jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà játijàti. Mo bi í bóyá àwọn ará ìta ń rí tiwa. Ó ní gbogbo ẹni tó bá ṣí kọ̀ǹpútà ládùúgbò. Sàlímátù ní kọ̀ǹpútà. Àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Paris. Mo bi Kadidja bóyá orúkọ náà ṣe é yí padà. Ó ní ó rọrùn.

Ibẹ̀ ni bàbá mi ti wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tí òun àti aládùúgbò ń fa ààlà ilẹ̀, kò bá a pariwo. Ó ra ajá, ó sọ ọ́ ní Ilẹ̀-ń-jẹ́rìí. Láràárọ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa pe ajá rẹ̀. Ta ló fẹ́ mú un? Ajá ló ń pè. Bẹ́ẹ̀ làwọn ará wa ṣe ń bú èèyàn láìbú u.

Mo pe lẹ́tà náà fún Kadidja lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ ẹ́. T, A, L, O, L, E, O. Ta-ló-lé-ọ. Kí Ojú-Fèrèsé tó kó kúrò nílé ọkọ máa rí i láràárọ̀ tó bá ṣí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọwọ́ Kadidja dúró díẹ̀. Ó béèrè ní Faransé pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní kò ní ìtumọ̀ kankan, ajá bàbá rẹ àgbà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí. Ó tẹ "enregistrer" láti fi í pamọ́.

Àlàrùbá, 14 oṣù kẹwàá

Ojú-Fèrèsé ti rí i. Ó ti fèrèsé rẹ̀ pa lọ́sàn-án gangan. Mo jẹ atiéké àwo méjì.

Sábátì, 17 oṣù kẹwàá

Kadidja ń lọ sí cyber tó wà lójú títì. Ọjọ́ mẹ́ta nìyí. Íntánẹ́ẹ̀tì wà nílé, ó ń lọ sanwó jókòó sáàárín àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójú kọ̀ǹpútà. Mo bi í léèrè. Ó ní tilé ń falẹ̀.

Iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló tàn. Mo tún pe Joachim, mo tún bú u. Ó wá, ó dán an wò. "Tantie, tiyín sáré ju ti ọ̀gá mi lọ. Ẹ̀yin àti ta lẹ ń jà ná?"

Kadidja ò bá mi jẹun. Ó ní òun ti jẹun níta.

Àtìní, 19 oṣù kẹwàá

Sàlímátù ò sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi mọ́. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé èmi ni mò ń yà fún un lọ́nà? Bóyá mo ṣàṣejù. Bóyá òun ló ṣàṣejù. Òun ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ — àbí òun kọ́?

Karim pe Kadidja lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé e. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́.

Àlàmíìsì, 22 oṣù kẹwàá

Ojú-Fèrèsé dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, irú ìkíni tó ń tani bí ata. "Ìyá Kadidja, ẹ kú oríire, ẹ bímọ re. Ó wá sí pálọ̀ mi lánàá. Ó ní kí n má bínú, kí n foríjì yín. Yorùbá ló fi sọ ọ́. Ó ń ṣì í sọ, àmọ́ ó yé mi." Mo ní irọ́ ni, ọmọ mi ò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ rò bẹ́ẹ̀. Èmi tí ẹ bú ò sunkún o, Màmá. Òun ló sunkún."

Mo wọlé bí iná ọyẹ́. Mo bi Kadidja pé ta ló rán an níṣẹ́, ṣé èmi ni ìyá rẹ̀ tàbí Sàlímátù. Ó rọra sọ pé orúkọ yẹn ò dáa, kí n jẹ́ kí òun pa á rẹ́. Mo ní ẹnikẹ́ni ò ní yí ohun tí mo bá sọ padà nínú ilé mi. Mo ní bí ilé mi bá ń ni í lára, Riviera ò tíì wó.

Mo sọ ọ́. Mo ń kọ ọ́ síbí kí n má bàa bọ́ sí ọ̀la kí n ní mi ò sọ ọ́.

Jímọ̀h, 23 oṣù kẹwàá

Takisí olómi-ọsàn ló gbé e lọ láàárọ̀. Báàgì méjì. Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Èmi náà ní ó dàbọ̀. Mo jókòó, mi ò dìde.

Sábátì, 24 oṣù kẹwàá

Mo fẹ́ pa orúkọ náà rẹ́. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń gbà wọlé sí i. Mo fa wáyà Olójú-Mẹ́rin yọ.

Àlàádì, 25 oṣù kẹwàá

Mo pè é. Mo ti kọ ohun tí n ó sọ sórí bébà kí n má bàa tún ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Mo ní: Kadidja, kì í ṣe ìwọ. Sàlímátù ni mo fi orúkọ yẹn bú, Ọlọ́run gbọ́.

Ó dá mi lóhùn ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gba orí òkúta kọjá odò. Ó ní, "Mo mọ̀, Maman. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni mo ti mọ̀ pé Tata Sali ni. Ohun tí Tata Sali ṣe ni èmi náà ṣe."

Mo pa bébà tì.

Mo ní kó máa bọ̀ wálé. Mo tún un sọ. Mo gbọ́ ohùn Karim lẹ́yìn rẹ̀, ó ń béèrè ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Kadidja ní kì í ṣe ẹnikẹ́ni.