Ẹ Má Rọ Toyibat Mọ́

Ruqoyah,

Sìkírátù ti fi itan há Toyibat ọmọ rẹ mọ́lẹ̀ nígbà tí mo ti mọ́sálásí dé. Ó di imú rẹ̀ pa, ó ń rọ ọ́ lẹ́kọ bí ìkókó. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń kẹ́ ẹ. Eegun ẹja tó há a lọ́fun nígbà Iléyá ti lọ. Ṣé ebi ni kó wá pa á?”

Ojú ọmọ ti ń yí. Ó gé Sìkírátù níka jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, ìyẹn sì fọ́ ọ létí. Mo lọ́ apá Sìkírátù sẹ́yìn, mo tì í lu ilẹ̀kùn. Iwájú orí rẹ̀ bẹ́. Ó ti lọ sí ilé ìwòsàn ní Joju kí wọ́n lè rán ojú egbò náà.

Agbára tí mo lò ti pọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ni, bá mi bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kó má bọ́ ọmọ yìí mọ́.

Lẹ́yìn náà, mo fún Toyibat ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, mo kẹ́yìn sí i, mo ní kó rún un dáadáa, kó tu èyí tó bá bà á lẹ́rù sínú abọ́.

“Ẹ ò ní bínú, Bàbá àgbà?”

Mo ní rárá. Ó tu díẹ̀, ó gbé díẹ̀ mì.

Bí ó bá ń jẹun, má wo ẹnu rẹ̀. Má yìn ín pẹ̀lú. Ó wà lọ́dọ̀ mi ní ìsọ̀.

Ìlàjì ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ló kù lórí tábìlì.