Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ohùn Àwọn Ará Ìlú Tó Wà Nínú Ẹ̀rọ Àtijọ́ Ilé-Ìkàwé

Ilé-Ìkàwé Ìlú Alder Falls,
17, Òpópónà Mill,
Alder Falls, Maine.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹfà, ọdún 2019.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìlú,
Gbọ̀ngàn Ìlú,
Alder Falls, Maine.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ MÁ JẸ́ KÍ WỌ́N PA OHUN TÓ WÀ NÍNÚ Ẹ̀RỌ WA RẸ́

1. Èmi ni olùtọ́jú-ìwé tí kọ̀ǹpútà ilé-ìkàwé wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Bí ọ̀rọ̀ mi bá pọ̀ jù, ẹ má bínú. Ayọ̀ ni.

2. Ní ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún, Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà Ìlú yí àwọn ọ̀rọ̀-ìwọlé tí a fi ń ṣí kọ̀ǹpútà wa padà láìsọ fún wa. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó lè yá ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí wọn. Èsì kan náà ni wọ́n ń fọ̀: "Ẹ lọ kọ fọ́ọ̀mù." Fọ́ọ̀mù náà kò sì ṣeé ṣí láìsí ọ̀rọ̀-ìwọlé tuntun.

3. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, Ọ̀gbẹ́ni Lucien Thibodeau láti Ẹ̀ka náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, ó sì jókòó tì mí. Mo fi bí ìwé ṣe ń jáde àti bó ṣe ń padà wọlé hàn án; òun náà fi ibi tí ọ̀nà ti dí hàn mí. Kò pé wákàtí kan tí gbogbo rẹ̀ fi tò.

4. Bí a ṣe ń yẹ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ilé-ìkàwé wò, ó ní, "Ìyáàfin, ẹ wá wo nǹkan o. Kí ni ẹgbẹ̀ta fáìlì tí kò lórúkọ yìí?" Mo ní kó ṣí ọ̀kan. Ohùn ọkùnrin kan jáde, ó ń ròyìn bí wọ́n ṣe ń da igi gẹdú gba ojú odò lọ sí ilé-iṣẹ́. Ohùn àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ gẹdú wa ni, tí ilé-ìkàwé gbà sílẹ̀ sórí téèpù ní ọdún 1974, tí wọ́n wá dà sínú ẹ̀rọ lẹ́yìn náà, tí a ti gbà pé ó sọnù! Mo pariwo, èmi tí mo ń sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n dákẹ́.

5. A ránṣẹ́ pe Ìyáàfin Odile Pelkey, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, láti wá gbọ́ ohùn Armand, ọkọ rẹ̀, tó ti kú láti ọdún 1988. Ohùn náà kọrin kan, ó ní lójú odò lòun ti kọ́ ọ. Ó nàka sí ẹ̀rọ: "Irọ́ lò ń pa, Armand! Èmi ni mo kọ́ ẹ lórin yẹn!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní ká tún gbé e sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la gbé e sí i.

6. Wàyí o, Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà ti kọ̀wé pé àwọn yóò pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà rẹ́ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí, nítorí ó ti gbó. Òótọ́ ni, ó ti gbó. Ṣùgbọ́n ohùn igba ó lé mẹ́rìnlá péré la tíì rí kó jáde. Wọ́n sì ti pe Ọ̀gbẹ́ni Thibodeau padà, wọ́n ní ilé-ìkàwé kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. N kò bá wọn jà. Iṣẹ́ tiwọn ni láti ti ilẹ̀kùn mọ́ olè. Tèmi ni láti ṣí i fún onílé. Ẹni tó ń tì àti ẹni tó ń ṣí gbọ́dọ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

7. Mo bẹ̀ yín, ẹ sún ọjọ́ náà di ìparí oṣù Kẹsàn-án. Ẹ yọ̀ǹda Ọ̀gbẹ́ni Thibodeau fún wa ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà sì máa fi tó wa létí kí wọ́n tó yí ohunkóhun padà.

8. Ó ku ohun kan. A ti rí ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ orúkọ àwọn tó sọ̀rọ̀ sí. Ọ̀gá Alága, bàbá yín ni ẹni ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kàndínlógún nínú ìwé náà. A kò tíì dé ìdí ohùn wọn.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi ara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ìrètí,

Marguerite Soule,
Olùtọ́jú-Ìwé àti Alábòójútó Kọ̀ǹpútà Ilé-Ìkàwé.