Orúnkún Màmá àti Abẹ́rẹ́ Kùtọnù

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọkàn mi ò balẹ̀ láti àná. Ọ̀rọ̀ orúnkún Màmá ni. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbé ẹsẹ̀ wọn lé itan yín nírọ̀lẹ́, tí ẹ ó máa fi òrí wọ́ ọ títí wọ́n á fi sùn lórí àga. Látìgbà tí ẹ ti papòdà, wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Ọsibítù ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, kí wọ́n fi irin pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù ọ̀bẹ bà wọ́n. Wọ́n wá gbọ́ nípa dókítà kan ní Kùtọnù tó ń fa sẹ́ẹ̀lì látinú egungun ìbàdí èèyàn, tó ń gún un sí orúnkún kí ibi tó ti gbó níbẹ̀ lè hù padà. Ìjọba ti bọ́dà pa, ṣùgbọ́n ọlọ́kadà kan ní òun máa gbé wọn gba inú igbó. Ọ̀sán ọ̀la ló ń bọ̀. Pẹ̀lú orúnkún yẹn, Bàbá?

Èmi ni wọ́n wá bi.

"Ìwọ lo ń kàwé sẹ́ẹ̀lì. Ṣé kí n lọ?"

Kí ni mo mọ̀? Èèpo àlùbọ́sà nìkan ni mo tíì wò lábẹ́ maikirosikóòpù, n ò sì rí i dáadáa. Olùkọ́ mi ní ẹ̀rí ò tíì tó pé abẹ́rẹ́ náà ń hu nǹkan kan padà. Mo sọ fún Màmá.

"Orúnkún olùkọ́ yín ò tíì dùn ún ni."

Mo rò pé ìrora ló ń lé wọn kiri. Àfìgbà tí Ẹ̀gbọ́n yín dé láti Ìdógò lánàá. Màmá di àga mú, wọ́n kí wọn lórí ìdúró.

"Ìyàwó wa, ṣé ìkúnlẹ̀ náà bá ọkọ lọ ni?"

Màmá bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọn ò dárúkọ orúnkún. Nígbà tí àlejò lọ tán, mo bá wọn nínú yàrá, wọ́n di bẹ́ẹ̀dì mú, wọ́n ń gbìyànjú láti kúnlẹ̀. Wọn ò délẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo rántí yín, bí ẹ ṣe máa ń sáré dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ẹ̀gbọ́n yín lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ ó ní, "Ti àwa méjèèjì nìyẹn o!" Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Ṣé orúnkún Màmá lẹ ń bò láti ọjọ́ yìí?

Mo ti sọ fún Màmá pé n ò mọ̀. Ṣùgbọ́n n óò ti dé Ìdógò kí ọlọ́kadà tó dé. Màá kúnlẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n yín, màá ní ti èmi àti Màmá nìyẹn, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Bóyá inú máa bí Màmá. Bóyá wọ́n á ṣì lọ. Ó kéré tán, ìrìn náà kò ní jẹ́ torí kí wọ́n lè kúnlẹ̀ kí èèyàn.

Èmi ni, ọmọ yín tí orúnkún rẹ̀ ṣì ń tẹ̀.