Ìdí Tí Mo Fi Gbé Píìṣì Kúrò Níwájú Fọ́tò Màmá Rẹ

Haerim ọmọ mi,

Bàbá rẹ ló ní kí n máa pè ọ́ ní ọmọ mi, bí kò bá bá ọ lára mu, òun ni kó o bá wí. Ṣé ara le? Ṣé ooru Seoul kò pọ̀ jù? Kí Ẹlẹ́dàá máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ yẹn, èyí tí mo rí ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí mo sì dúró tì títí, tí ọlọ́pàá fi wá béèrè pé ṣé mo sọnù ni. Ilé dáa. A ti so aáyù rọ̀ sábẹ́ òrùlé, ajá ti bímọ mẹ́rin. Ìyá Deoksu tó múlé tì wá ní òun ò rí irú ìyàwó tuntun yìí rí, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta tójú ń tì bí ọmọ ogún ọdún, pé ṣé bí mo ṣe máa máa fọwọ́ bo ẹnu jẹun títí láé nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fọwọ́ bo ẹnu.

Haerim, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìrántí màmá rẹ ló wà lọ́kàn mi. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tó o ti pe bàbá rẹ kẹ́yìn. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo lo fi ránṣẹ́, pé o máa wá gbé fọ́tò màmá rẹ lọ, pé Seoul lo ti máa máa ṣe ìrántí ikú rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Láti ìgbà náà, ààbọ̀ abọ́ ìrẹsì ni bàbá rẹ ń jẹ.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Àmì dúdú onígun mẹ́rin kan wà nísàlẹ̀ ìwé ìpè tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, mo rò pé ìwé ààbò ni, irú èyí tí wọ́n ń gbà ní tẹ́ḿpìlì, mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ilẹ̀kùn. Nígbà tá a dé yunifásítì tí màmá rẹ ti ṣiṣẹ́, ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ní kí n fi àmì yẹn han fóònù òun. Mo ní ó wà nílé, ó ń ṣọ́ ilé. Ó wò mí títí, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Bàbá rẹ ti lọ kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè pé kí ni mo jẹ́ sí olóògbé. Ọwọ́ mi kò gbà á láti kọ ọ́ pé ìyàwó ọkọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé èmi ni mò ń dáná nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ni ọmọ náà bá ní háà, màmá, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún làwọn alásè wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè, èso ò tíì dé orí tábìlì! Ojú tì mí láti sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wọ épírọ́ọ̀nù.

Bí mo ṣe ń to èso ni mo rí àwo píìṣì níwájú fọ́tò màmá rẹ. Láti kékeré la ti mọ̀ pé a kì í gbé píìṣì síwájú òkú, torí ó máa ń lé ẹ̀mí wọn padà. Mo wo ojú rẹ̀ nínú fọ́tò, ó ń rẹ́rìn-ín, mo ní obìnrin tí gbogbo èèyàn wọ̀nyí pé jọ nítorí rẹ̀, ṣé ìta ló máa dúró sí ni? Mo gbé àwo náà kíá. Mi ò mọ̀ pé ìwọ lo gbé e síbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé òun ni èso tí màmá rẹ fẹ́ràn jù. Nígbà tó o wá béèrè pé ta ló gbé èso màmá rẹ, tó o wò mí, tó o ní ṣé ilé tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì tó mi ni, mo nu ọwọ́ mi mọ́ épírọ́ọ̀nù, mo yíjú padà.

Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí tòun ti épírọ́ọ̀nù. Díẹ̀ ló yé mi. Ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń sọ̀rọ̀ ní màmá rẹ, nígbà tó ń ṣèwádìí bí ọmọdé ṣe ń ronú, bi ọmọ ọdún mẹ́rin kan pé ṣé òjò máa ń pa òjìji. Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdí tó fi máa ń sá wọlé nìyẹn bí ojú ọ̀run bá ti ṣú. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó ní màmá rẹ kò rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì bi ọmọ náà pé kí ló mú un mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní màmá rẹ máa ń sọ pé ọmọ tó ṣì í kì í ṣe òpè, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi ronú. Haerim, mo sunkún. Kíláàsì kẹrin ni mo dé, ẹgba ni tíṣà fi ń dá mi lóhùn.

Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti wá ń rò ó. Ṣé òkú lè sá fún ohun tí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀? Mi ò mọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo ṣe.

Ìyá Deoksu ní bí mi ò bá tọrọ owó, o ò ní gbà pé òbí ló kọ lẹ́tà yìí. Torí náà, jọ̀ọ́, fi owó bàtà òjò ránṣẹ́, ajá ti jẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún tèmi. Ṣùgbọ́n bí owó kò bá sí, ìwọ ṣáà máa bọ̀ lọ́jọ́ ìrántí ikú màmá rẹ, má tíì gbé fọ́tò náà lọ. Ohun tó o bá ní ká gbé sórí tábìlì la máa gbé síbẹ̀. Bí o kò bá fẹ́ rí mi, màá lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi fún ọjọ́ méjì, ìrẹsì á ti wà nínú ìkòkò, kí bàbá rẹ má ṣáà dá jẹun. Ṣùgbọ́n bó o bá ní kí n dúró, ẹ̀yìn rẹ ni màá dúró sí, ìwọ á kọ́kọ́ forí balẹ̀ fún màmá rẹ, èmi á tẹ̀ lé ọ. Láti oṣù kẹta ni mo ti ń gbé ilé rẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan tó tíì fi mí hàn án.

Kí ilẹ̀kùn tó o bá kàn máa ṣí fún ọ.

Èmi ni,
Malsuk